Ẹ̀jẹ̀ Mi Lábẹ́ Orúkọ Rẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láàbù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìwé ìpàdé yẹn dé ná. Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n wá kọ́ àwọn ọmọ tuntun bí a ṣe ń kọ orúkọ sára ìgò ẹ̀jẹ̀, bí mo ṣe máa ń kọ́ wọn lọ́dọọdún, tí ẹ máa pàtẹ́wọ́ fún mi, tí èmi náà á sì máa wú bí búrẹ́dì. Ẹ má pàtẹ́wọ́ lónìí o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi fún ọdún mọ́kànlá. Mo gbé e mì títí, kò dà. Mo fẹ́ bì í síwájú yín báyìí, nítorí bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, wọ́n á bu iyọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ yìí kò sì nílò iyọ̀. Èmi tí ẹ ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Láàbù, èmi tí mo ń pariwo pé "orúkọ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé", èmi náà ni mo fa ẹ̀jẹ̀ ara mi, tí mo kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sí i, tí mo sì fi ba ayé rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìtìjú ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún yẹn, iléeṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀rọ fún wa pe àwọn ọ̀gá láàbù sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta ní ìlú mìíràn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta ìgò àti abẹ́rẹ́ fún ilé ìwòsàn káàkiri. Oníbáàgì là ń pè é, nítorí báàgì dúdú ńlá tí kì í kúrò léjìká rẹ̀. Ó mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe, èmi náà sì fẹ́ràn kí obìnrin máa rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òjò dá iṣẹ́ dúró, kálukú gba yàrá rẹ̀ lọ. Àwa méjèèjì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìtura, à ń fi àwọn olùkọ́ wa ṣe yẹ̀yẹ́. Kí òjò tó dá, a ti wà nínú yàrá mi. Mi ò ní sọ pé èṣù ni. Orúkọ èṣù kò sí nínú ìwé àwọn tó wá kẹ́kọ̀ọ́, tèmi ló wà níbẹ̀. Ẹ máa bi mí pé kọ́ńdọ̀mù ńkọ́. Mo ní ọ̀kan, a sì lò ó lẹ́ẹ̀kíní. Ẹ̀ẹ̀kejì, kò sí òmíràn, mo sì ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mò ń sọ bẹ́ẹ̀, oyún ìyàwó mi nílé ti pé oṣù márùn-ún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Oníbáàgì pè mí lórí fóònù lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Láàbù, ẹ wá ibì kan jókòó sí." Mo ní mo ti jókòó. Ó ní, "Ìléròrò wẹ́wẹ́ yọ sí mi lójú ara, ó ń ta mí bí iná. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ẹ̀ẹ́pìsì ni, àrùn tí ìbálòpọ̀ máa ń kó ranni. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo kó o ràn yín, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ kó o ràn mí. Mo kàn rò pé ó yẹ kí ẹ mọ̀, nítorí ìyàwó yín." Mo ní kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, mo pa fóònù, mo sì yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò. Obìnrin yẹn ṣe ohun tó tọ́. Nínú ìtàn yìí, gbogbo ènìyàn ló ṣe ohun tó tọ́, àfi èmi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹ̀ṣọ́ ara mi. Mò ń wọ ilé ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ pẹ̀lú dígí kékeré tí ìyàwó mi fi ń ṣe ojú. Bí ṣòkòtò bá ha mí lára, àyà mi á já. Bí ẹ̀fọn bá jẹ mí nítan, mo ti kú nìyẹn. Mo ra ọṣẹ tèmi, mo ra tówẹ̀lì tèmi, mo sì ń gbé wọn pamọ́ bí olè, bẹ́ẹ̀ mo kàwé, mo mọ̀ pé ìfarakanra ni àrùn yìí fi ń ràn, kì í ṣe tówẹ̀lì. Ìmọ̀ mi kò ṣe mí láǹfààní kankan. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo kó ìrọ̀rí mi lọ sí pálọ̀. Ìyàwó mi ní, "Bàbá ọmọ mi, kí ló dé?" Mo ní ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Ó ní, "Ẹ̀yìn ń dùn yín, ẹ wá fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, ẹ lọ ń sùn lórí àga?" Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó fọwọ́ gbé ikùn rẹ̀, ó ní, "Ṣé torí pé mo ti rí bọ̀ǹtọ̀bọ̀ǹtọ̀ ni?" Mo fi aṣọ borí.

Mo lọ bá Dókítà ilé ìwòsàn wa, mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ní ìṣòro. Ẹ ò rí i pé òmùgọ̀ ni mí? Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní kọ́ńdọ̀mù ń dín ewu rẹ̀ kù ni, kì í mú un kúrò pátápátá. Ó ní ó lè ràn nígbà tí egbò kankan kò sí lára, pé ọ̀pọ̀ tó ní in kò tilẹ̀ mọ̀. Ó ní kì í ṣe òpin ayé, oògùn wà tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba, àwọn ènìyàn sì ń bá a gbélé, wọ́n ń bímọ. "Ṣùgbọ́n bí ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ bá lóyún, tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o nígbà tí ìkúnlẹ̀ bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn ló léwu. Ó lè ran ọmọ nígbà ìbí. Sọ fún un kó bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí àwọn méjèèjì jọ wá. Kó má sì sáré yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó lè tó oṣù mẹ́ta kó tó hàn dáadáa." Mo dúpẹ́, mo dìde. Ó wá ní, "Ọ̀rẹ́ rẹ yìí, ṣé ó ń sùn?" Mo ní, "Kò sùn, sà." Ó ní, "Ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀ fún un." Kí ni mo tún ń wá? Ó ṣílẹ̀kùn fún mi gbayawu. Mo kí i pé ó dàárọ̀, mo sì kọjá lọ.

Oṣù mẹ́ta? Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìyàwó mi á ti bímọ. Mi ò lè dúró. Mo fẹ́ mọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé mo fẹ́ mọ̀. Láàbù tiwa kò ní ẹ̀rọ tó ń yẹ àrùn yẹn wò, láàbù àgbà là ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí. Ṣé kí n lọ sí ti ẹlòmíràn ni? Ti ta ni? Ẹ̀yin náà kọ́ yìí, tí a jọ ń jókòó lóṣooṣù? Èmi tí mò ń bá àwọn ọmọ wí nípa ìwà, kí n wá ká apá aṣọ sókè níwájú yín? Ìgbéraga ló pa mí, kì í ṣe àrùn.

Láàbù àgbà kì í gba ẹ̀jẹ̀ láìsí nọ́ńbà káàdì aláìsàn àti ìbuwọ́lù dókítà nínú fọ́ọ̀mù. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọmọbìnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Olùkọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ni, Àǹtí Olórin ni àwọn ọmọ ń pè é, nítorí orin ló fi ń kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan. Ọkùnrin náà ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo fa ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìlà méjì ṣófo níbi tí wọ́n ń kọ àyẹ̀wò sí nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù Àǹtí Olórin. Ìlà lásán, ẹ̀yin ènìyàn mi! Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi eyín fa rọ́bà so apá òsì mi, mo fi ọwọ́ ọ̀tún fa ẹ̀jẹ̀ ara mi. Mo kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ sára ìgò yẹn, mo sì kọ ẹ̀ẹ́pìsì sí ìlà tó ṣófo. Ẹ mọ̀ pé nígbà náà, ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni láàbù àgbà máa ń kọ fún àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ mi ni wọ́n sì ń fi gbogbo wọn lé. Mo ní n ó yọ ìwé tèmi, n ó ya á dànù, n ó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí Dókítà. Ta ló máa mọ̀?

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé láàbù àgbà ti ra kọ̀ǹpútà tuntun. Gbogbo àyẹ̀wò tó bá wà lórí nọ́ńbà kan, ojú ìwé kan ni kọ̀ǹpútà yẹn ń tẹ̀ ẹ́ sí, tààrà ló sì ń fi ránṣẹ́ sí dókítà. Mo ń retí àpò ìwé, àpò ìwé ò dé. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo rí Àǹtí Olórin àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tí wọ́n ń jáde lọ́dọ̀ Dókítà. Ọkùnrin náà ń lọ níwájú. Ọmọbìnrin náà dì mọ́ ìwé kan láyà. Mo lọ wo ẹ̀dà ìwé náà nínú fáìlì rẹ̀: ẹ̀ẹ́pìsì wà níbẹ̀. Ẹ̀rù méjì ló bà mí lẹ́ẹ̀kan náà: èkíní, mo ti ní àrùn náà, èkejì, ẹlòmíràn ló ń gbé e lọ sílé. Kí Ọlọ́run dárí jì mí fún ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, ó dára, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n Dókítà kì í ṣe ẹni tó ń kánjú. Kò mọ̀ pé èmi ni mo fi àyẹ̀wò yẹn kún fọ́ọ̀mù, ó rò pé àwọn ni wọ́n béèrè fún un. Ó sọ fún wọn pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè ṣìnà, ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Bí Àǹtí Olórin ṣe dá wá nìyẹn, ó ti iléèwé wá, ẹfun pátákó ṣì wà lápá aṣọ rẹ̀. Ó jókòó, ó na apá. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, torí Ọlọ́run, ẹ fà á dáadáa. Mi ò mọ ọkùnrin rí. Mo ti sọ fún un, ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Mo sọ fún màmá mi, màmá mi ń sunkún. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò purọ́, àbí?" Mo ní, "Ẹ̀rọ kì í purọ́, Àǹtí, ṣùgbọ́n a ó tún un wò." Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ! Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé, ó dijú, ó ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, bó ṣe máa ń kà á fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé kò dùn òun.

Mo gbé ìgò náà wọ yàrá ẹ̀yìn. Ibi tí mo ti lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe nìyẹn. Kí n kàn fi ìgò sílẹ̀ bó ṣe wà, kó lọ, kó dé, kó mọ́. Ìgbéyàwó rẹ̀ á dúró. Àmọ́ mo rò ó pé bí èyí bá mọ́, Dókítà máa béèrè ẹni tó ni èyí àkọ́kọ́. Láàbù àgbà kì í tètè da ẹ̀jẹ̀ nù. Wọ́n á fi ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ méjèèjì wéra, wọ́n á rí i pé ènìyàn méjì ni, wọ́n á sì wá bá mi. Kí ni wọ́n máa fi mí ṣe? Wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó mi á gbọ́, ojú á tì mí. Ìyẹn nìkan ni mo gbé sórí ìwọ̀n pẹ̀lú ayé ọmọ yẹn. Mo dúró níwájú ọpọ́n ìfọwọ́, mo di ìgò náà mú, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, ó ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ pé èyí máa yanjú ẹ̀. Mo da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ọpọ́n, mo ṣí omi lé e lórí. Mo mú ìgò tuntun, mo so apá mi, mo sì fa tèmi.

Ìwé kejì dé bíi ti àkọ́kọ́. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kò bú u, kò lù ú, kò pariwo. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ, nọ́ọ̀sì ló gbọ́ ọ tó wá sọ fún wa: "Dókítà ní oògùn wà. Àrùn kọ́ ló ń dùn mí. Irọ́ ló ń dùn mí." Wọ́n fagi lé ìgbéyàwó nígbà tó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Àwọn òbí àwọn ọmọ iléèwé gbọ́ fìnrínfìnrín, ẹnì kan ní kí Àǹtí Olórin má fọwọ́ kan ọmọ òun mọ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun àti màmá rẹ̀ kó lọ sí àdúgbò mìíràn. Èmi ńkọ́? Mo ní ìléròrò lẹ́ẹ̀kan, mo lo oògùn ní kọ̀rọ̀, mo purọ́ ẹ̀yìn dídùn títí ìyàwó mi fi bí ọmọ wa láyọ̀. Ọmọ náà kò ní nǹkan kan. Ẹ fi mí ṣe alága yín lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ sì pàtẹ́wọ́.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan wọ láàbù mi pẹ̀lú fọ́ọ̀mù dókítà rẹ̀. Mo ka fọ́ọ̀mù kí n tó wo ojú rẹ̀. Wọ́n ní kí n yẹ iṣẹ́ kíndìnrín wò, nítorí pé aláìsàn ti ń lo oògùn ẹ̀ẹ́pìsì lójoojúmọ́ fún ọdún mọ́kànlá. Mo gbójú sókè. Àǹtí Olórin ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Láàbù, ẹ ti hewú o! Ẹ rántí mi? Mo ní tí mo bá máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ọ̀dọ̀ yín ni n ó wá. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò wò mí bí ẹni tó dọ̀tí nígbà yẹn." Inú mi bà jẹ́ débi pé mi ò lè rí iṣan rẹ̀, èmi tí mi ò tàsé iṣan rí. Bí mo ṣe ń wá a, ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ọkùnrin méjì ti wá fẹ́ òun, òun sì sọ ipò ara òun fún àwọn méjèèjì kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Ọ̀kan dúpẹ́, kò sì padà wá. Èkejì ní òun máa rò ó, ó ṣì ń rò ó. "Mi ò lè fi pamọ́ fún wọn, Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ti pè mí ní òpùrọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tó."

Nígbà tó lọ, mo fi díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò àrùn náà, ní orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó mọ́. Kò ní in rí. Mo pè é pé kó padà wá, mo ti ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ láàbù, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí ó lù mí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ògiri sọ ọ́.

Ó ní, "Màmá mi ṣàìsàn oṣù méje kó tó kú. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún mi pé, 'Ọmọ mi, ìwé kì í purọ́, sọ òtítọ́ fún mi, mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́.' Mo búra fún un títí ó fi sú mi. Bó ṣe kù díẹ̀ kó lọ, mo rí i pé ohun tó ń dà á láàmú jù nìyẹn, pé mi ò fọkàn tán òun. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, 'Màmá, òótọ́ ni. Mo ṣe é. Ẹ dárí jì mí.' Ó ní, 'Ó tó, ọmọ mi.' Ara rẹ̀ balẹ̀, ó sì sùn. Mo jẹ́wọ́ fún màmá mi, Bọ̀ọ̀dá. Ohun tí mi ò ṣe." Ó wá wò mí. Ó ní, "Ta ló máa lọ sọ fún un?" Mo ní mi ò mọ̀. Títí di báyìí, mi ò mọ̀.

Mo ti sọ fún ìyàwó mi. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀, ó sì ti lọ yẹ ara rẹ̀ wò, kò jẹ́ kí n bá òun lọ. Mo ti jẹ́wọ́ fún Dókítà, mo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, Dókítà sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí ọkùnrin tó ń tún amúlétutù ṣe. Wọ́n ní ó ti bí ọmọ mẹ́ta. Kí ni ìwé fẹ́ ṣe? Ẹ̀yin ọmọ tuntun tó jókòó síwájú, mi ò ní kọ́ yín ní nǹkan púpọ̀. Bí ẹ bá ṣìwà hù, tí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ lọ bá dókítà, ẹ dárúkọ ara yín, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ẹ lè kó o ràn. Àrùn tí mò ń sá fún ní oògùn, owó oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n fi ń rà á. Èyí tí mo fi sá fún un kò ní oògùn kankan.

Obìnrin tó jókòó nítòsí fèrèsé, tí ẹ rò pé àlejò ọ̀kan nínú wa ni, òun nìyẹn. Ó ní kí n wá sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti mọ̀ mí, òun fẹ́ fi etí ara òun gbọ́ ọ. Àǹtí Olórin, mo ti sọ ọ́ tán. Ẹ forí jì mí. Bí ẹ kò bá sì lè forí jì mí, mi ò ní bi yín ní ìdí. Ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ tí ẹ ṣe fún màmá yín, mo bẹ̀ yín, ẹ gbà á padà. Tèmi ni.